Kí Tàńtí Tó Gbé Owó Àjọ Sílẹ̀: Àwọn Bọ́tìnnì Tí A Kì Í Tẹ̀ Lórí TradingView

Ọ̀rọ̀ owó la mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń di olówó ọ̀sán gangan ni mo fẹ́ sọ, torí èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Bí owó kékeré tó wà nílé kò ṣe ní bọ́ sọnù lójú wa ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò ìyá mi wá sílé wa ní Kennedy, níbí ní Bouaké. Aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà. Tàńtí là ń pè wọ́n, bí àwọn ọmọ ìlú yìí ṣe ń pe obìnrin tó bá jù wọ́n lọ. Wọn kò tíì jókòó tán tí wọ́n ti na fóònù wọn sí mi.

"Ìwọ tí o máa ń wà nídìí kọ̀ǹpútà, bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé òótọ́ ni àbí ayédèrú?"

Àwòrán kan ló wà lójú fóònù náà. Àwọn igi tín-ín-rín aláwọ̀ ewé àti pupa tò síbẹ̀ bí àbẹ́là, wọ́n ń gòkè lọ bí àtẹ̀gùn. Nísàlẹ̀, èrè gọbọi ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò ló fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ó ní òun ń ṣòwò ìpín ilé-iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé bí Tàńtí bá kó 300,000 sẹ́fà wá, òun á dá 450,000 padà lẹ́yìn oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló sì kan Tàńtí láti kó àjọ. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ọmọ wọn wà nínú rẹ̀.

Ẹ má fi Tàńtí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó gbé Bouaké nígbà ogun ọdún 2002 rántí bí àwọn báńkì ṣe ti ìlẹ̀kùn. Ọwọ́ ara wọn ni àwọn ìyá wa ń fi owó sí nígbà náà, àjọ kò sì já wọn kulẹ̀. Ẹni tí àjọ ti kó yọ rí máa ń gba ojúlùmọ̀ gbọ́ ju báńkì onígíláàsì lọ. Ibẹ̀ sì ni ẹlẹ́tàn máa ń gbà wọlé.

Mo mọ ibi tí àwòrán náà ti wá. TradingView ni, ojú-òpó tí èmi fúnra mi máa ń lò. Mo wo àwọn àbẹ́là náà, wọ́n pé. Mo wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lókè, ó pé. Ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo rí ọ̀rọ̀ kékeré méjì kan: Paper Trading.

Mo sọ fún wọn pé, "Tàńtí, kò sí owó níbí. Eré ni."

Owó yẹ̀pẹ̀

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń ṣe eré ilé nígbà tí a wà ní kékeré. A ó fi yẹ̀pẹ̀ ro ẹ̀bà, a ó já ewé ṣe ọbẹ̀, ìyàwó á bù fún ọkọ, gbogbo wa á sì yó láìjẹ nǹkan kan. Bí Paper Trading ṣe rí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i lórí TradingView, wọ́n á fún un ní 100,000 dọ́là eré. Yóò máa fi rà, yóò máa fi tà, iye owó ọjà tó ń rí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe owó. Bó bá jẹ èrè, kò lè fi ra búrẹ́dì. Bó bá pàdánù, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, 100,000 náà á sì tún pé.

N kò lè búra pé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èrè eré ló wọ̀ ọ́ lórí, tó wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tòótọ́ yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n 300,000 Tàńtí kì í ṣe yẹ̀pẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé irinṣẹ́ rere ni Paper Trading. Fún ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n ṣe é. Àwọn ọmọ wa tó ń fi ojoojúmọ́ pariwo òwò orí fóònù kì í sì í fẹ́ lò ó bó ṣe yẹ. Bí ọmọ rẹ bá ní òun fẹ́ kọ́ òwò ìpín, má lé e, má sì fún un lówó. Ní kí ó ṣí Paper Trading, kí ó yí 100,000 dọ́là yẹn padà sí iye tí ó lè ní lóòótọ́, ká ní 100 dọ́là. Ojú-òpó náà gbà á láyè láti yí i. Ẹni tó bá ń fi owó ọlọ́rọ̀ kọ́ṣẹ́, ìwà ọlọ́rọ̀ ni yóò kọ́. Kí ó ṣe é fún oṣù mẹ́fà, kí ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì jọ wo ìwé náà.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè ni mò ń kà ní yunifásítì, iṣẹ́ olóòtú ni mo sì fi ń jẹun. N kì í ṣe alágbàtà ìpín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo rí ọ̀rọ̀ méjì yẹn lójú fóònù Tàńtí, mo rí i pé àwọn ohun tó wúlò jù fún ìdílé lórí ojú-òpó yìí ni àwọn tí ojú kì í tètè rí. Gbogbo èèyàn mọ àbẹ́là pupa àti aláwọ̀ ewé. Gbogbo èèyàn mọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń rà. Àwọn tó kù wà ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Padà sí àná kí o tó lọ sí ọ̀la

Lókè àwòrán, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Replay sí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, o lè yan ọjọ́ kan tó ti kọjá. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn yóò pa mọ́. Ìwọ yóò wá máa ṣí i ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣí ìwé.

Èyí ni mo fi mú àbúrò mi ọkùnrin nígbà tó ní òun lè mọ ibi tí ọjà ń lọ. Mo yan ọjọ́ kan fún un, mo pa ìyókù mọ́, mo ní kó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó sọ. A ṣí i. Ó kùnà. A ṣe é ní ìgbà ogún, ó gba mẹ́sàn-án. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká dá a dúró." Kò sí ìwàásù tí mo lè ṣe fún un tí yóò ta yọ èyí. Bí a bá wo àwòrán tó ti parí, gbogbo wa ni wòlíì. Nígbà tí ọ̀la bá wà lábẹ́ aṣọ la máa ń mọ̀ pé a kò mọ nǹkan kan.

Èrè ní Èkó, àdánù ní Bouaké

Èmi ì bá fẹ́ kí gbogbo ìdílé Yorùbá tó wà ní Côte d'Ivoire ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ nílé, ní Èjìgbò, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìbàdàn, tí í máa ń sọ pé, "Ẹ fi owó ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká bá yín ra ìpín ní Èkó." Ìpín ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà wà lórí TradingView, àmì NSENG ló máa ń ṣáájú wọn. Bí o bá ṣí àwòrán ọdún 2023, ojú rẹ yóò kún fún àwọ̀ ewé. Lọ́dún yẹn, òṣùwọ̀n gbogbo ọjà ìpín ilẹ̀ Nàìjíríà fi ìpín 45.9 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Ta ni kò ní fẹ́?

Ṣùgbọ́n náírà ni wọ́n fi ya àwòrán yẹn, sẹ́fà sì ni àwa fi ń ra ìrẹsì. Ní June 14, 2023, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà tú okùn tí wọ́n fi so iye náírà. Ní òpin 2022, dọ́là kan jẹ́ bíi 461 náírà ní ọjà ìjọba. Ní òpin 2023, ó ti di bíi 907.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò owó aṣọ. Ká ní ẹnì kan kó 1,000,000 sẹ́fà lọ sí Èkó ní òpin 2022. Yóò tó 750,000 náírà. Ó fi ra ìpín tó ń rìn bí ọjà ṣe ń rìn. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti lé díẹ̀ ní 1,090,000 náírà. Wọ́n á pè é láti ilé, wọ́n á kí i kú oríire. Nígbà tó bá wá ṣẹ́ ẹ padà sí sẹ́fà, yóò bá bíi 720,000 lọ́wọ́. Ó jèrè, owó rẹ̀ sì dín. Iye ọjà ìjọba ni mo fi ṣe ìṣirò yìí o. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́-owó ní ìgboro lè rí iye mìíràn, kí àdánù tiwọn sì kéré sí èyí, ṣùgbọ́n àdánù náà ni.

Bọ́tìnnì tó lè fi èyí hàn wá kì í tilẹ̀ ṣe bọ́tìnnì. Àmì kan ṣoṣo ni. Nínú àpótí tí a ti ń wá orúkọ ilé-iṣẹ́, èèyàn lè fi ìlà dídagun pín nǹkan kan sí èkejì. Bí mo bá kọ NSENG:DANGCEM, ìpín Símẹ́ǹtì Dangote ní náírà ni yóò jáde. Bí mo bá kọ NSENG:DANGCEM/EURNGN, yóò pín in sí iye náírà tí yúrò kan jẹ́, ìpín kan náà á sì jáde ní yúrò.

Kí ni yúrò ń wá nínú ọ̀rọ̀ tiwa? Sẹ́fà ni. Láti 1999 ni yúrò kan ti jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kò yẹ̀ láti ìgbà náà. Nítorí náà, ohun tó bá gòkè ní yúrò gòkè ní sẹ́fà, ohun tó bá wálẹ̀ ní yúrò wálẹ̀ ní sẹ́fà. Àwòrán náà kò ní yàtọ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wo bí òkè 2023 yẹn ṣe di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lójú yín.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin lẹ lè ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ ju èmi lọ. Ẹ rántí January 1994, nígbà tí wọ́n gé sẹ́fà sí méjì. Owó tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò yí padà, iye tó kọ sára rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó lè rà láti òkè òkun dín ní ìdajì. Ohun tí ọjà kọ́ yín lọ́dún yẹn náà ni ìlà dídagun kékeré yìí ń sọ.

Ṣé ẹnìkan yóò rà á lọ́wọ́ mi?

Ní ìsàlẹ̀ àwòrán, àwọn òpó kúkúrú kan máa ń wà tí wọ́n ń pè ní Volume. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa wọ́n rẹ́ kí ojú fóònù lè mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa wọ́n rẹ́. Wọ́n ń sọ iye ìpín tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá ń ta aṣọ mọ̀ pé iye tí a pe ọjà kì í ṣe iye tí a ta ọjà. O lè pe léèsì kan ní 80,000 láti àárọ̀ dé alẹ́, bí oníbàárà kò bá dúró, o kò tíì ní 80,000. Bí àwọn òpó Volume bá kúrú gan-an, tàbí tí wọn kò sí fún ọjọ́ púpọ̀, ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ tí o bá fẹ́ tà torí àìsàn tàbí owó ilé, o lè má tètè rí ẹni rà á. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọjà ìpín tiwa tó wà ní Abidjan, BRVM, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 1998 fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà kan náà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pẹ̀lú wa. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rà, tí wọ́n ń tà lójoojúmọ́, bíi Sonatel. Àwọn kan wà tí ìpín wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Lójoojúmọ́ tí ọjà bá ṣí ni BRVM máa ń gbé ìwé jáde lórí ojú-òpó wọn, Bulletin Officiel de la Cote, tó ń sọ iye ìpín tí ọwọ́ yí. Ọ̀fẹ́ ni.

Ohun mìíràn tó yẹ ká mọ̀ nípa BRVM: òfin ọjà náà kò gba ìpín láyè láti gòkè tàbí wálẹ̀ ju 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìpín kan níbẹ̀ di ìlọ́po méjì láàárín àná sí òní, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Agogo àti ìwé ìrántí

Àwọn méjì tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Àkọ́kọ́ ni Alert. Dípò kí èèyàn máa wo fóònù nígbà tí oníbàárà dúró síwájú rẹ̀, yóò sọ fún ojú-òpó náà pé, "Bí iye yìí bá dé ibí, pè mí." Bí kò bá dé ibẹ̀, kò ní pè é. Mo mọ bàbá kan tó ń wo àbẹ́là láti àárọ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi sùn. Agogo kan ì bá dá a padà fún ìdílé rẹ̀.

Èkejì ni pé a lè kọ ọ̀rọ̀ sára àwòrán. Ní ọjọ́ tí o bá ra nǹkan, kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ ní gbólóhùn kan, ní Yorùbá: "Mo rà á torí pé ilé-iṣẹ́ náà ń pín èrè lọ́dọọdún." Bí o kò bá lè kọ ìdí náà ní èdè tí ìyá rẹ gbọ́, bóyá kò sí ìdí níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ torí èrè ọdọọdún lo ṣe rà á, rántí pé àwòrán kì í sábà ka èrè yẹn mọ́ iye owó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́, ìlà lè já wálẹ̀ bí ẹni pé nǹkan bàjẹ́. Ibi tí wọ́n kọ ADJ sí ni o ti lè ní kí ó ka èrè náà mọ́ ọn, níbi tí ojú-òpó náà bá ti ní àkọsílẹ̀ èrè ilé-iṣẹ́ ọ̀hún.

Ibi tí wọ́n ti ń rà á gan-an

TradingView kì í tọ́jú owó ẹnikẹ́ni. Àwòrán ni iṣẹ́ rẹ̀ láti 2011 tó ti bẹ̀rẹ̀, alágbàtà tí a bá so mọ́ ọn ló ń rà tó sì ń tà. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín ní BRVM, ọ̀dọ̀ alágbàtà tí wọ́n ń pè ní SGI ni yóò lọ. Àjọ AMF-UMOA, tó ń jẹ́ CREPMF tẹ́lẹ̀, ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. SGI yóò ṣí àkáǹtì ní orúkọ rẹ, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sì bu ọwọ́ lu ìwé. Kò sí SGI tí yóò ní kí o fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ḿbà fóònù ọmọ àdúgbò.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni mo kọ sórí bébà fún Tàńtí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà: Kí ni orúkọ SGI tàbí alágbàtà rẹ? Ṣé àkáǹtì náà máa wà ní orúkọ mi? Kí ló dé tí wọ́n kọ Paper Trading sí ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ? Tàńtí kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Kò fèsì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, a kò rí àwòrán orí WhatsApp rẹ̀ mọ́.

Owó ilé-ìwé jáde ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìyá mìíràn nínú àjọ náà ti fún un ní 150,000 kí ọ̀rọ̀ tó dé etí wa. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì rí i gbà. Òun ni mo ń rò tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ní ti Tàńtí, wọ́n ní kí n fi TradingView sórí fóònù àwọn náà. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

"Agogo yẹn ni mo fẹ́. Mo máa ń fi owó ránṣẹ́ sí Èjìgbò fún ilé tí à ń kọ́. Jẹ́ kó máa pè mí bí náírà bá yí padà, kí n mọ ìgbà tí mo máa ránṣẹ́."

Mo ṣe é fún wọn lórí EURNGN. Kò sí àbẹ́là, kò sí ríra, kò sí títà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí láti ọjà, ariwo oníbàárà ń bẹ lẹ́yìn wọn: "Ó ti dún o!" Bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí sí etí ẹni tí kò lè kà á nínú ilé yín. Ó dìgbà mìíràn.